Àṣìṣe tó ń sun owó àwọn tó ń po nanotube mọ́ PZT

Ẹ ti mọ̀ pé PZT, irú seramíìkì kan, ń mú iná jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sì ti rí àwòrán afárá àti apá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́. Mi ò ní padà síbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí a fi hóró PZT, epoxy (gọ́ọ̀mù olómi tó ń le) àti nanotube (ọ̀pá kábọ́ọ̀nù tínínrín tó ń gbé iná) pò ni mò ń sọ. Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí ń dà nù ló ń bí mi nínú.

Èkíní, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọn PZT bí ẹni ń wọn gààrí. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún PZT tí à ń sọ pé kó wà nínú àpòpọ̀, ti àyè tó gbà ni, kì í ṣe ti ìwúwo. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan PZT tó nǹkan bíi 7.7 g, ti epoxy jẹ́ bíi 1.15 g. Ẹni tó bá po 40 g PZT mọ́ 60 g epoxy, ìdá 9 péré ló ní. Bí ẹ bá fẹ́ 40 lóòótọ́, 10 g epoxy ń fẹ́ bíi 45 g PZT.

Èkejì, ẹ má ṣí ìgò nanotube lábẹ́ fáànù. Ìbòmú P100, èyí tó ń sẹ́ eruku kíkúnná, ni kí ẹ lò. Máíkrógráàmù 1 péré nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́, fún iṣẹ́ wákàtí 8, ni NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, fi ààlà nanotube inú afẹ́fẹ́ sí ní 2013.

Ẹ̀kẹta ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé: àwọn tó rò pé bí nanotube bá ṣe pọ̀ tó ni sẹ́ńsọ̀ á ṣe dára tó. Ohùn mi ti há lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà poling, ìyẹn fífi fóltì gíga jí PZT, inú hóró PZT la fẹ́ kí agbára iná wọ̀, kó lè to dípólù ibẹ̀ (iná rere àti òdì tó so pọ̀) sí ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n permittivity (bí nǹkan ṣe lè gba agbára iná pamọ́ sí) ti epoxy jẹ́ bíi 4, ti PZT lè tó 1,700, nítorí náà epoxy ló ń gbé fóltì náà mì. Bí hóró bá rí róbótó tí wọn ò sì pọ̀, tí ẹ fún un ní 3 kV lórí mìlímítà kan, bíi 21 V lórí mìlímítà kan ló dé inú hóró. PZT rírọ̀ (irú tó rọrùn láti yí) ń fẹ́ bíi 1 kV lórí mìlímítà kan kó tó yíjú padà! Bí iná tààrà bá ti pẹ́ lórí rẹ̀, bí epoxy ṣe ń jẹ́ kí iná kọjá sí ló ń pín fóltì náà. Ibẹ̀ ni nanotube ti wúlò: díẹ̀ ń la ọ̀nà fún iná dé ẹnu hóró.

Díẹ̀, mo ní. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á fara kanra láti òkè dé ìsàlẹ̀, iná á gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, PZT á wà níbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ. Fóltì á já wálẹ̀, ojú kan á gbóná, á lu ihò dúdú. Kódà bí poling bá bọ́ sí i, iná tí sẹ́ńsọ̀ bá mú jáde á tún bá ọ̀nà kan náà jò lọ.

Ẹ po kékeré márùn-ún: 0.05, 0.1, 0.2, 0.3 àti 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo epoxy. Fún 10 g epoxy, 0.1 jẹ́ 10 mg; òṣùwọ̀n inú ilé ìdáná ò lè wọ̀n ọ́n. Ẹ fi PZT sí gbogbo wọn, torí àárín hóró tó há ń kó nanotube jọ, ààlà tí ẹ rí nínú epoxy lásán kọ́ lẹ máa bá. Ẹ kun ọ̀dà fàdákà sójú méjèèjì, ẹ fún un ní 100 V, kí ẹ ka iná tó ń kọjá. Ibi tó ti fò sókè lójijì ni ààlà. Ẹ fà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Mítà ọwọ́ tó kọ OL (pé ó kọjá ohun tó lè wọ̀n) ò tíì sọ nǹkan kan.

Ti sonicator, ẹ̀rọ tó ń fi ìró gíga tú nanotube tó dì mọ́ra: inú acetone ni kí ẹ ti tú nanotube, ìgò nínú yìnyín, ìṣẹ́jú-àáyá 5 iṣẹ́, 5 ìsinmi, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí mẹ́ta á kàn gé wọn kúrú ni. Acetone tó bá ṣẹ́kù nínú epoxy á di ihò, inú ihò ni iná sì ti ń fọ́ ọ.

Poling: òróró silikóònì ní 70 °C, kí ẹ máa gbé fóltì sókè ní 200 V, 200 V, kí ẹ má jẹ́ kí iná tó ń kọjá ju 1 mA lọ. Ẹ má pa iná nígbà tó ṣì gbóná. Ó gbọ́dọ̀ tutù wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 40 °C kí ẹ tó yọ fóltì. Wákàtí 24 lẹ́yìn náà lẹ máa tó wọn d33, ìyẹn iye iná tó ń mú jáde fún agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ sì yé fi ìka lásán lu sẹ́ńsọ̀ kí ẹ máa yọ̀ sí oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fóltì. Iná ìfarakanra awọ lè kọ àmì gíga ju ti PZT lọ. Ẹ yí wáyà méjèèjì padà kí ẹ tún lù ú: bí àmì náà ò bá dojú dé, ìka yín lẹ ń wọ̀n.