Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyan Ẹ̀bùn Tí Kò Ní Pa Àyíká Lára fún Olólùfẹ́

Àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí kí ó tó wo ẹni tí yóò lo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà ni wọ́n ti ya àwòrán ewé tútù sí lára lónìí, tí wọ́n sì bu owó lé nítorí ewé náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí a fún kò bá lò, orí ààtàn ni yóò gbẹ̀yìn sí, yálà ike ni wọ́n fi ṣe é tàbí ọparun. Kí a tó béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn kan, ó yẹ kí a ti bi ara wa pé ọdún mélòó ni olólùfẹ́ wa yóò fi lò ó. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà níhìn-ín, gbígbàgbé ìbéèrè yìí ni ó ń fà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpò aṣọ, èyí tí ó ti di ẹ̀bùn àwọn tí ó fẹ́ràn àyíká. Ní ọdún 2018, àjọ ìjọba tí ó ń bójú tó àyíká ní orílẹ̀-èdè Denmark gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àpò tí a fi ń ra ọjà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé, bí a bá wo ti ìyípadà ojú ọjọ́ nìkan, a ní láti lo àpò òwú nígbà 52 kí ó tó sàn ju ọ̀rá tí ilé ìtajà ń fúnni lọ. Bí a bá wá ka àwọn ìpalára yòókù mọ́ ọn, iye náà di 7,100. Àpò tí wọ́n fi òwú tí kò rí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà ṣe, èyí tí owó rẹ̀ máa ń wọ́n jù, tilẹ̀ gbà tó 20,000 nínú ìṣirò kan náà, nítorí irú oko òwú bẹ́ẹ̀ kì í mú èso jáde tó oko yòókù. Àwọn kan ti bá iye ńlá wọ̀nyí jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ṣe kedere: lílò léraléra ni èrè àpò aṣọ. Ilé wo ni ó sì wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní àpò tí wọ́n gbà bọ̀ láti òde ìgbéyàwó, òde ìsìnkú àti òde ìkómọjáde? Ẹni tí ó bá fi òmíràn kún un, ẹrù ni ó dì fún olólùfẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn àpò, orí àdìrẹ ni ọ̀pọ̀ ń sáré sí. N kò bá wọn wí, nítorí aṣọ tí a lè wọ̀ fún ọdún púpọ̀ ni. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni kí a gbà pé gbogbo ohun tí wọ́n bá pè ní àdìrẹ ni kò pa ilẹ̀ àti omi lára. Láyé àtijọ́, ewé ẹlú ni àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń mọ ní ìṣù, tí wọ́n ń sá, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò títí yóò fi kan. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìẹ ya sára aṣọ fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ọ̀nà yìí kò tíì parun, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a ń rà ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí, aró òyìnbó ni wọ́n fi rẹ ẹ́, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti àwọn kẹ́míkà mìíràn, omi tí ó bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́, inú gọ́tà ni wọ́n sábà ń dà á sí. Ẹ̀yìn èyí ni ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà wà, èyí tí kò rí ìkòkò aró rí.

Kò ṣòro láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí ènìyàn bá fara balẹ̀. Ọnà tí ọwọ́ ṣe kì í bá ara rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀: ìlà kan yóò nípọn ju èkejì lọ, aró yóò sì ti yọ́ wọ ibi tí kò yẹ kí ó dé. Nínú èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, òdòdó kan náà ni yóò máa padà wá láti etí aṣọ dé etí aṣọ láìsí ìyàtọ̀ kankan. Aṣọ ẹlú tuntun máa ń ní òórùn tirẹ̀, ó sì lè kun ọwọ́ díẹ̀. Ẹni tí yóò fi í tọrẹ ní láti sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé kí ó dá fọ̀ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ funfun inú ilé yóò di aláró. Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí a bi ẹni tí ó ń tà á léèrè pé, «Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ṣé ẹlú ni àbí aró òyìnbó?» Ẹni tí ó fi ẹlú rẹ ẹ́ gan-an kò ní dákẹ́ lórí rẹ̀, nítorí wàhálà rẹ̀ ni ó ń pa owó lé. Ní Òṣogbo náà, níbi tí Nike Okundaye ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iṣẹ́ ọnà yìí, ọ̀nà àbáláyé ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá wá a. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, àdìrẹ aró òyìnbó tí ènìyàn wọ̀ fún ọdún mẹ́wàá tẹ́ mi lọ́rùn ju ojúlówó ẹlú tí wọ́n kó sínú àpótí nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò wu ẹni tí wọ́n fún lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ òkè rí. Òwú ṣáínì-ṣáínì tí ń dán yẹn, ike wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi hun aṣọ náà ní Ìsẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún un, kí ó sọ fún ahunṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òwú gidi ni òun fẹ́.

Aṣọ tí wọ́n ń pè ní aṣọ ọparun, ẹ ṣọ́ra fún un. Lóòótọ́ ni ọparun ń yára hù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aṣọ náà jẹ́ ẹ̀yà rayon, tí wọ́n fi kẹ́míkà líle yọ́ igi kí wọ́n tó fà á di òwú. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà gbé àwọn ilé ìtajà ńlá Walmart àti Kohl's lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n ń ta rayon ní orúkọ ọparun, owó ìtanràn àwọn méjèèjì sì jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ dọ́là.

Òdòdó rósì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ní ọ̀nà tí wọn kò retí, pàápàá àwọn ọmọ Yorùbá tí olólùfẹ́ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á ní rósì ilẹ̀ Kenya, tí ó wọ bàlúù láti ẹ̀bá adágún Naivasha, kò lè dára tó èyí tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ Netherlands nítòsí. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cranfield ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé òdìkejì ni: ilé gíláàsì tí wọ́n ń dáná mú gbóná ní Netherlands ń mú kí èéfín ti ibẹ̀ ju ti Kenya lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ti bàlúù. Èyí kò sọ rósì Kenya di aláìlẹ́bi, nítorí omi adágún náà ni wọ́n ń fà sí oko. Ohun tí ó fi hàn ni pé jíjìnnà nìkan kọ́ ni a fi ń ṣe ìdájọ́. Fún ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, èmi yóò mú ìkòkò efinrin tí ó ti ta gbòǹgbò ju ìdì rósì tí wọ́n fi ọ̀rá wé lọ, bí olólùfẹ́ náà bá ní fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, tí ó sì jẹ́ ẹni tí ń rántí bomi rin nǹkan. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ní àjà kejì, ẹ má ṣe gbé irúgbìn igi máńgòrò fún un. Ibo ni kí ó gbìn ín sí?

Láti ìgbà tí owó bẹntiróòlù ti fò sókè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, fìtílà àti fáànù sólà ti wọ inú ẹ̀bùn ìfẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì dùn mọ́ mi, nítorí ẹni tí ó bá mú kí olólùfẹ́ rẹ̀ sùn nínú atẹ́gùn ti ṣe bẹbẹ. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí a ra èyí tí wọ́n dé pa, tí kò ṣeé tú. Bátìrì ni ó ń kọ́kọ́ kú nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀; bí a kò bá lè yọ ọ́ kí a fi òmíràn rọ́pò, gbogbo rẹ̀ ni yóò di pàǹtí, pẹ̀lú àwọn èròjà olóró inú rẹ̀. Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tà á fi ibi tí bátìrì wà hàn wá, kí a sì bi àwọn alátùn-únṣe bóyá irú rẹ̀ wà ní ọjà.

Wúrà gba àkíyèsí tí ó lágbára ju gbogbo èyí lọ. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti yọ wúrà pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ, nítorí inú agbo ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta náà. Òrùka kì í sọ ibi tí wúrà rẹ̀ ti wá. Nítorí náà, wúrà àtijọ́ tí alágbẹ̀dẹ wúrà yọ́, tí ó sì tún rọ, ni ó mọ́ jù, ìyẹn bí ó bá jẹ́ ti olùfúnni fúnra rẹ̀. Wúrà ìyá tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣì ní ìpín nínú rẹ̀ kò ṣeé yọ́ láìsọ fún wọn. Ẹ̀gbà eyín erin ńkọ́, kódà èyí tí bàbá àgbà fi sílẹ̀? Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ òkèèrè. Láti ìpinnu àgbáyé ọdún 1989 ni òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ti di èèwọ̀, àwọn aṣọ́bodè sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Àṣìṣe kan wà tí kò ní owó nínú, tí ó sì lè ba ìfẹ́ jẹ́: sísọ ẹ̀bùn di ìwàásù. Ẹni tí ó gbé ìgò omi irin fún olólùfẹ́ rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àlàyé lórí iye ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí onítọ̀hún ń mu lọ́sẹ̀, ìbáwí ni ó gbé kalẹ̀. Ohun tó jẹ mọ́ ara obìnrin, irú bí ife nǹkan oṣù, kò yẹ kí ó jẹ́ ohun òjijì rárá. Kí a bi í kí a tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tòkunbọ̀. Òkìrìkà tí a fọ̀ tí a lọ̀ dára fún àyíká ju aṣọ tuntun lọ, àmọ́ àwọn kan wà tí wọn yóò kà á sí ìwọ̀sí ní ọjọ́ ayẹyẹ, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Fún irú wọn, títún ohun tí wọ́n ti ní ṣe máa ń wọlé dáadáa: kí a gba aago ọwọ́ tí ó ti kú láti ọdún mélòó kan, kí a lọ tún un ṣe, tàbí kí a gba aṣọ òkè ìyá rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti ń tú, kí a fún aránṣọ.

Nípa dídì, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Pépà tí wọ́n fi ohun dídán bíi góòlù bò kò ṣeé lọ̀ di pépà tuntun, àwọn ègé dídán kékeré tí wọ́n ń fọ́n sínú páálí sì jẹ́ ike wẹ́wẹ́. Àgékù aṣọ àdìrẹ tàbí ànkárá ti tó. Bí oúnjẹ bá wà lára ẹ̀bùn náà, kí ó wà nínú kúlà tàbí abọ́ tí yóò padà sílé, nítorí láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de àwọn páàkì fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí.

Ó ku ti àkókò, èyí tí ó ń sọ èrò rere di asán jù lọ. Ẹni tí ó dúró di ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, tí Ọjọ́ Àwọn Olólùfẹ́ ku ọ̀la, kò ní rí ohunkóhun yàn mọ́ ju ohun tí ó wà lórí àtẹ lọ, ìyẹn ike pupa àti rósì inú ọ̀rá. Ìkòkò ẹlú gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kan, aṣọ ní láti wọ inú rẹ̀ léraléra kí ó tó dúdú, ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn sì ń hun ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Kí ọdún Kérésìmesì tó wọlé ni ó dára kí a ti bá wọn sọ̀rọ̀, kí a sì san àsansílẹ̀, nítorí lẹ́yìn ọdún tuntun, iṣẹ́ àwọn onígbèéyàwó Ọjọ́ Àjíǹde ni wọn yóò dojú kọ.