Bí a ṣe gbé ìwé alájẹṣẹ́kù wa gun òkè

Ẹni 64 ni wá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo jẹ́ alága fún ní Òṣogbo. Aláró, oníṣòwò aṣọ àti télọ̀ ló pọ̀ jù. Láti ọjọ́ tí a ti dá a sílẹ̀, páásíbúùkù la fi ń ṣe é: o mówó wá, akápò kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó parí. Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo dìde nípàdé, mo ní láti oṣù tó ń bọ̀, orí fóònù la ó ti máa ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ẹni 11 péré ló sanwó. Màmá aláró kan láti Ọjà-Ọba yọ páásíbúùkù tiwọn lábẹ́ ìró, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, “Alága, èyí ni mo mọ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi.” Wọ́n fi í pamọ́ padà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Lópin ọ̀sẹ̀ náà, àwa ìgbìmọ̀ lọ gbatẹ́gùn ní Olúmirin, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé àjà méje ni omi náà ní, orí àpáta tó ń yọ̀ lèèyàn sì ń gbà láti ọ̀kan dé èkejì. Èmi àti akọ̀wé wa, ọmọdé tára rẹ̀ ṣì le, la ṣáájú. Nígbà tí a dé àjà kejì, inú mi dùn, mo pariwo pé a ti dé. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí Ìyá Akápò. Mo sọ̀ kalẹ̀ padà. Orí òkúta ni mo bá wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi igi ha ẹrẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Mo gbọ́ tẹ́ ẹ ní a ti dé. Àwa wo?”

A jókòó tì wọ́n. Akọ̀wé fẹ́ràn ìtàn àwọn tó ń gun òkè ńlá, ibẹ̀ ló ti sọ ti Everest, òkè tó ga jù láyé, ti ọdún 1953 fún wa. Mo délé, mo tún lọ kà á sí i. Gbogbo ayé mọ Edmund Hillary àti Tenzing Norgay tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè náà ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. John Hunt tó jẹ́ olórí wọn ò débẹ̀. Ẹrù lòun rù. Lọ́jọ́ 26, òun àti Da Namgyal gbé àgọ́, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kọjá mítà 8,300, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá nǹkan níbẹ̀. Èmi ti rò pé kí alága kọ́kọ́ débẹ̀ niṣẹ́ alága. Mo ti ṣi iṣẹ́ náà mú.

Bí mo ṣe tún un bẹ̀rẹ̀ nìyí. A ò gba páásíbúùkù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Méjèèjì la ń ṣe pọ̀: Ìyá Akápò kọ sínú ìwé, akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọlé fún ẹni tó sanwó kó tó dìde níjòókòó. Fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì náà gbà á. Àwọn tó ń gun Everest kì í fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á gbé ẹrù gòkè, wọ́n á gbé e síbẹ̀, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ wá sùn, kára wọn lè mọ́ afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́. Ìwé ni ìsàlẹ̀ tiwa. Mo fẹ́ kí kálukú ríbi padà sí.

Ẹrù tèmi ni pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, mo ń rìn ká Ọjà-Ọba àti Ìgbọ́nà, mò ń bá wọn ka àtẹ̀jíṣẹ́. Màmá aláró ọjọ́sí ṣí páásíbúùkù, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ìka tí aró ti pa dúdú ni wọ́n fi ń tọ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ìwé, lórí fóònù, lẹ́yìn náà nínú ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ó dọ́gba,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n jókòó.

A tún fi àdéhùn kan sílẹ̀ ṣáájú: bí ìwé àti fóònù ò bá bára mu títí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìwé la ó tẹ̀ lé lọ́sẹ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ₦4,500 sọnù lórí fóònù. Akọ̀wé ń bẹ̀bẹ̀ pé ó ku díẹ̀ kóun rí i. Mo rántí Tom Bourdillon àti Charles Evans, ara àwọn tí Hunt kó lọ sí Everest, tí wọ́n ṣáájú Hillary gòkè, tó sì ku nǹkan bíi mítà 100 kí wọ́n dé ṣóńṣó, ṣùgbọ́n tí wọ́n yí padà nítorí pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ń yọ wọ́n lẹ́nu, àkókò sì ti ń lọ. Wọ́n délé láàyè. Mo ní ká pa fóònù dé. Lọ́jọ́ kejì la rí owó náà: àwọn méjì tórúkọ wọn jọra ni, tẹnìkan ti bọ́ sábẹ́ tẹnìkejì. Ká ní a ti fi ipá parí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni, iyè méjì ni wọn ò bá máa ṣe sí wa títí dòní.

Ní báyìí, ẹni 60 ló ti ní ká máa fi fóònù nìkan ṣe tàwọn. Ìyá Akápò ṣì ń kọ ìwé fún àwọn mẹ́rin tó kù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá dé ọ̀dọ̀ méjì nínú wọn ní Òkè-Baálẹ̀; ọ̀kan ní kí n jẹ́ kóun sá aṣọ òun tán ná.