Òǹkà Méjìlá Flamenco: Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọ Lẹ́yìn Tí Wọ́n Ti Gba Owó Mi

Owó dọ́là ni mo fi san ẹ̀kọ́ gìtá flamenco, orin ìbílẹ̀ gúúsù Sípéènì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí náírà sì ṣe ń já ni iye tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù ń gòkè. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ohun tí wọ́n fi owó náà kọ́ mi. Falseta lórí falseta ni ṣáá, ìyẹn àwọn orin kéékèèké tí onígìtá máa ń ta nígbà tí akọrin bá dákẹ́. Wọ́n kọ nọ́ńbà ibi tí ìka yóò tẹ̀ lórí okùn, wọn ò kọ òǹkà kankan sábẹ́ rẹ̀. Compás, ìyẹn òǹkà tó ń yí po nínú orin, tó jẹ́ òpómúléró gbogbo ọ̀rọ̀, apá tó kẹ́yìn ni wọ́n tì í sí, apá tí èèyàn gbọ́dọ̀ tún sanwó kó tó ṣí. Ní Jerez, ìlú flamenco kan ní Sípéènì, ọmọdé á ti máa pàtẹ́wọ́ bulerías, oríṣi flamenco tó ń sáré, kó tó fọwọ́ kan gìtá rárá.

Mo pa ẹ̀kọ́ yẹn tì, mo sì ṣe é fúnra mi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa ìjókòó, èékánná àti bí a ṣe ń yí okùn kó dún geere. Ẹni tó bá ti dé ìdí compás ti kọjá ibẹ̀.

Soleá, oríṣi flamenco mìíràn, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí kì í sáré. Òǹkà méjìlá ni, àwọn tó wúwo níbẹ̀ sì ni 3, 6, 8, 10 àti 12. Tí ẹ bá ń ta á por arriba, ìyẹn láti orí E, chord F (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) máa ń bọ́ sórí 3, ẹ ó sì padà sí E lórí 10. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. E orí 10 yẹn dún bí ẹni pé orin ti parí, ọwọ́ á wá fẹ́ gbéra fún ìkejì kíá, á sì gbé 11 tàbí 12 mì. Ohun tó tún un ṣe ni golpe: ìka tí a ń fi òrùka sí ni kí ẹ fi kan ojú pákó gìtá lórí 11 àti lórí 12, kí ẹ má ta nǹkan kan. Ibi tó ti yẹ kí ó dákẹ́ ti ní iṣẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa gbàgbé rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gìtá yín ní golpeador, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú pákó nítòsí okùn. Púpọ̀ nínú gìtá classical ni kò ní in, èékánná yóò sì ha ọ̀dà rẹ̀ títí tí pákó yóò fi hàn. Èyí tó mọ́ gaara wà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fún lílẹ̀.

Ẹnu náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti ka "ẹẹ́wàá, oókànlá, eéjìlá" ní eré bulerías kí ẹ wò ó bóyá ahọ́n yín kò ní lọ́. Àwọn ará Sípéènì pàápàá kì í ka 11 àti 12 tán. Lẹ́yìn "diez", "un, dos" ni wọ́n ń sọ. Èmi gé gbogbo rẹ̀ kúrú: kan, jì, ta, rin, rún, fà, je, jọ, sán, wá, kan, jì. Ohùn kan fún òǹkà kan, kò sí èyí tó gùn ju ìkejì lọ.

Wàyí o, metronome, ẹ̀rọ tó ń lù déédéé kí èèyàn lè kà á. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ̀n gógó, agogo inú rẹ̀ kò sì lè lù ju lẹ́ẹ̀kan láàárín òǹkà 2, 3, 4 tàbí 6. Bulerías, orí 12 la ti ń kà á: 12, 3, 6, 8, 10. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì la ó rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn náà a ó rìn ní méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá fi agogo sí 4, yóò lù lórí 12, 4 àti 8. Orí 4 yẹn, irọ́ ni. Èyí tó burú jù ni 3, torí òtítọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ. Yóò lù lórí 12, yóò lù lórí 3, yóò lù lórí 6, ọkàn yín á balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lù lórí 9, nígbà tí 8 ti lọ tí 10 kò sì tíì dé. Ọwọ́ á fa 8 sẹ́yìn kí ó lè bá agogo pàdé, 10 á sì dàwátì.

Etí wa fúnra rẹ̀ sì ń ti metronome burúkú yẹn lẹ́yìn. Ẹni tó dàgbà sídìí ìlù mọ kónkóló tí agogo ìbílẹ̀ máa ń lù. Ìdá méjìlá lòun náà ní, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹsẹ̀ ń kanlẹ̀ nínú rẹ̀, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ kà á wò: 12, 3, 6, 9. Etí á ní òun mọ orin yìí, ẹsẹ̀ á sì kanlẹ̀ lórí 9 láìbéèrè. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú flamenco, àwọn onígìtá ńlá máa ń lò ó. Àmọ́ ẹni tí 8 àti 10 rẹ̀ kò tíì dúró, kó má dé ibẹ̀ o.

Mo gbé gìtá sílẹ̀. Mo fi agogo sí 6, tó ń lù lórí 12 àti 6 nìkan, kì í purọ́. Mo ká àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀ kí ó má ké, èyí tí wọ́n ń pè ní palmas sordas, mo sì ń pàtẹ́wọ́ lórí 12, 3, 6, 8, 10. Nígbà tí ìyẹn dúró, mo pa agogo, mo jẹ́ kí metronome máa lù lẹ́ẹ̀kan fún òǹkà méjì: 12, 2, 4, 6, 8, 10, ẹsẹ̀ sì ń bá a lọ. Gbogbo àtẹ́wọ́ ló pàdé ẹsẹ̀ àfi ti 3, òun nìkan ló bọ́ síbi tí ẹsẹ̀ wà lókè. Orí 60 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ òǹkà 120 ní ìṣẹ́jú kan, mo sì ń fi 5 kún un. Bulerías gidi lè dé òǹkà 240, nítorí náà ẹ má kánjú. Tí 3 bá ti ń sún mọ́ 2 tàbí 4, ẹ padà sẹ́yìn.

Ìgbà náà ni gìtá padà sọ́wọ́, ọwọ́ òsì sì bo okùn kí ó má dún. Ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló ń gbá sísàlẹ̀ lórí àwọn tó wúwo. Lẹ́yìn èyí, chord por medio, ìyẹn láti orí A: A lórí 12, B♭ lórí 3, A lórí 10. Nínú rasgueado oníka mẹ́rin, ìyẹn fífi ìka gbá okùn ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ìka tó kẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ bọ́ sórí òǹkà, ìka kékeré á ti gbéra ṣáájú. Ẹni tó bá dúró de 10 kó tó ju ìka àkọ́kọ́ ti pẹ́ dé.

Áàpù ọ̀fẹ́ wà lórí fóònù tó ń jẹ́ kí èèyàn yan òǹkà méjìlá kó sì sàmì sí èyí tó fẹ́ kó wúwo. Kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì ju ẹ̀rọ ọ̀wọ́n yẹn lọ. Àtẹ́wọ́ ara mi tí mo gbà sílẹ̀ tún dára jù ú lọ. Ní ti àwọn áàpù tó ní cajón, àpótí tí wọ́n ń lù bí ìlù, mi ò fẹ́ wọn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Perú ni àpótí yẹn ti wá, Paco de Lucía ló mú un wọ flamenco láàárín ọdún 1970 sí 1979; ó dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń kún gbogbo àlàfo tó yẹ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wá.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ẹ wo ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Tí kò bá sí àtẹ́wọ́ níbẹ̀, tí kò sì sí òǹkà lábẹ́ falseta, ẹ fi owó yín sápò.

Seguiriya, oríṣi flamenco mìíràn, ló kàn. Òǹkà méjìlá kan náà ni, orí 8 la kàn ti ń gbéra: 8, 10, 12, 3, 6. Méjì, méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Agogo orí 6 tó ràn mí lọ́wọ́ ní bulerías kò wúlò níbí, torí tó bá lù lórí 8, orí 2 ló tún máa lù. Agogo kan ṣoṣo fún méjìlá ni kí ẹ lò, kí ó máa lù lórí 8 nìkan.