Bí ẹ ṣe lè tún profile ọ̀nà (àwòrán bí ọ̀nà ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀) ṣe nínú Civil 3D, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ọ̀nà

Ẹ̀yin tí à ń jọ ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù, ẹ fi ìlà ilẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí a wọ̀n nìyẹn. Ìlà ọ̀nà tí a fà la ó tún ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí Geometry Editor, ẹ wọ Profile Grid View, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà gíga PVI (ibi tí ìdagẹ̀rẹ̀ méjì ti pàdé) síbẹ̀. Ká máa fi máòsì fà á, ìméfò ni lójú tèmi.

Ká ní ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ sódò ní −4%, ó tún gòkè ní +2%: ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 6. Bí K (iye mítà curve fún ìyàtọ̀ 1% kọ̀ọ̀kan) bá jẹ́ 20, gígùn curve, ìyẹn ibi tí ọ̀nà ti rọra tẹ̀ láti ìdagẹ̀rẹ̀ kan sí èkejì, á jẹ́ mítà 120. Ṣùgbọ́n ibi tó rẹlẹ̀ jù kò sí lábẹ́ PVI o! Mítà 80 sí ìbẹ̀rẹ̀ curve ni. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé ihò tí omi òjò máa gbà lọ sí, àbí ẹ ò mọ òjò Rẹ́mọ ni?