Ẹ má kánjú yọ̀ bí iye aláìníṣẹ́ bá wálẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ìròyìn á gbé e pé àìríṣẹ́ṣe ìlú kan ti wálẹ̀ láti ìdá 8 sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ijó á bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì bá wọn jó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwọn èèyàn náà gbà lọ.

Ká sọ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àtàwọn tó ń wá a nílùú náà jẹ́ 200,000, tí 16,000 nínú wọn ò ríṣẹ́. Ìdá 8 nìyẹn. Ó wá sú 2,000 nínú wọn, wọ́n pa ìwáṣẹ́ tì. Nínú ìṣirò tó gbòde, tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, là sílẹ̀, ẹni tí kò bá wáṣẹ́ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn kì í sábà jẹ́ aláìníṣẹ́ mọ́. Wọn ò kà á mọ́ àwọn aláìníṣẹ́, wọn ò sì kà á mọ́ 200,000 yẹn mọ́. Ó ku 14,000 nínú 198,000, ìyẹn ìdá 7 àti díẹ̀. Ẹyọ ẹnì kan ò gbaṣẹ́! Ẹni tó sì fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ tí wọ́n bi í, oníṣẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Òdì kejì náà ń ṣẹlẹ̀: ilé iṣẹ́ ńlá ń bọ̀, àwọn tó ti jókòó dìde, wọ́n tún ń wáṣẹ́ kiri, iye aláìníṣẹ́ sì fò sókè nígbà tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáa bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka iye àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ ọn.

Ẹ má fi oṣù kan wé èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Mo kọ ọ́ ní oṣù January kan pé ọrọ̀ ajé ìlú kan ti ń dẹnu kọlẹ̀, àṣé àwọn tí wọ́n gbà fún ọjà Kérésì ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọlé. Olóòtú wa ò bá mi jiyàn, ó kàn ní kí n lọ wo January èṣí. Bákan náà ló rí.

Ìlú tí kò tóbi jù tí kò sì kéré ló máa ń tan èèyàn jù. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 60,000 agboolé ni wọ́n ń yàn fún ìwádìí lóṣooṣù jákèjádò orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá pín in bó ṣe tọ́, ìlú tó ní agboolé 150,000 ò ní rí ju bí 70 lọ. Kí lẹ fẹ́ fi 70 sọ? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìṣirò àfojúdá ran ìwádìí lọ́wọ́ fún ìlú, tí wọ́n sì ń padà tún iye ọ̀hún ṣe lọ́dọọdún. Bó bá fi ìdá 0.2 yàtọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Oṣù mẹ́ta mẹ́rin tó kọjú síbì kan náà lẹ ó máa wá.

Òṣùwọ̀n náà lè yí. Ní January 2005, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pé àwọn ò níṣẹ́ ní Jámánì kọjá mílíọ̀nù 5. Kì í ṣe pé ilé iṣẹ́ ṣàdédé wó lu gbogbo wọn: òfin tuntun mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ wọnú ìwé aláìníṣẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń kà á. Ibi tí èèyàn ń sùn ni ìwádìí agboolé ń wò, ibi tí iṣẹ́ wà ni ti ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ lè kógbá sílé láàárín ìgboro, kí iṣẹ́ dín kù níbẹ̀, kí iye aláìníṣẹ́ sì lọ ga ní ìlú tó múlé gbè é, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde wá láàárọ̀.