Bẹ́ ẹ ṣe lè tún Mustang yín ṣe fúnra yín nílé (ẹ má kó gbogbo ẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan o)

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: gáréèjì tí mò ń sọ níbí kì í ṣe gáréèjì Ọ̀jọ̀ọ́ níbi tí wọ́n ti ń pe "Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, ó ku ẹnì kan" o, yàrá ọkọ̀ tó wà lára ilé ni, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níbí ní Houston. Inú ẹ̀ ni Mustang GT 2017 mi ń gbé, pupa, gíà ọlọ́wọ́, àlòkù ni mo rà á, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fọwọ́ ara mi tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, Sátidé nìkan ló ṣẹ́kù fún èmi àti mọ́tò, ìyẹn tí òde ò bá sí.

Ìran Mustang tí mò ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní S550, ó bẹ̀rẹ̀ ní mọ́dẹ́ẹ̀lì 2015, ó parí sí 2023. Ẹ́ńjìnnì 5.0 tí wọ́n ń pè ní Coyote ló wà nínú GT, tèmi ní agbára ẹṣin 435 bó ṣe jáde ní kọ́ńpìnnì, àwọn ti 2018 sí 2021 ní 460. Tó bá jẹ́ Challenger tàbí Camaro lẹ ní, ẹ ṣì lè máa kà á lọ, ọ̀nà iṣẹ́ kan náà ni, ìwọ̀n nọ́ọ̀tì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa lọ wò nínú ìwé ọkọ̀ tiyín.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ní, owó gidi ni mo sì fi kọ́ ọ: ohun kan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òmíì. Ọdún tí mo rà á, ojú ń kán mi. Sátidé kan báyìí mo yọ àpótí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, mo fi cold air intake (ọ̀pá àti fílítà tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù wọlé) sí i, mo tún tú sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn méjèèjì, mo fi tuntun síbẹ̀, ọjọ́ kan náà o. Mo wà á jáde, ó ń bú bíi kìnnìún, orí mi ń wú, mi ò tíì dé Beltway, títì ńlá tó yí Houston ká, tí iná check engine fi tàn. Ó wá dọ̀ràn, mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ló fà á. Mo padà sílé lọ tú sàlẹ́ńsà, mo tún un dì, mo ń wá ibi tí èéfín ti ń jò, kò jò níbì kankan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí mo wá ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù, tí mo kì í bọ ihò OBD lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù (gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yẹn), P0171 àti P0174 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ lápá méjèèjì ẹ́ńjìnnì. Intake yẹn ni. Ọ̀pá ẹ̀ fẹ̀ ju ti kọ́ńpìnnì lọ, sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn afẹ́fẹ́ wá ń rò pé díẹ̀ ló ń wọlé, kọ̀ǹpútà sì ń bu epo tí kò tó. Wọ́n mà kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ gàdàgbà pé "tune required", ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ tún ètò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ. Èmi ni mi ò kà á.

Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó intake, ẹ wò ó bóyá ó ní kẹ́ ẹ tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe tàbí kò ní kẹ́ ẹ ṣe é. Tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ̀rọ tune, èyí tó ń kọ ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sì máa fi ṣe ni kẹ́ ẹ fi tọ́jú fáìlì tó bá ọkọ̀ wá, ẹ tún ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé. Ẹ so ṣájà mọ́ bátìrì tẹ́ ẹ bá ń kọ tune tuntun sínú ọkọ̀, torí tí bátìrì bá kú lágbedeméjì, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò tó kú ló máa gbé e kúrò nílé. Tune tí wọ́n bá ṣe fún epo 93 (nọ́ńbà octane tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ ilé epo nìyẹn), epo 93 náà ni kẹ́ ẹ máa rà, ẹ má lọ fún un ní 87 torí pé oṣù ti ń parí. Ẹ̀yin ará California tí 91 ni epo tó dára jù ní ọ̀pọ̀ ilé epo yín, tune ti 91 ni kẹ́ ẹ béèrè fún.

Ó yá, jáàkì. Ibí yìí ni mi ò ti ń ṣeré. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kì í ṣe iwájú ilé tó dagẹ̀rẹ̀. Ẹ fa háǹdì bírékì, ẹ ti gíà sí kìíní, ẹ fi igi dí táyà tó máa wà nílẹ̀. Jáàkì kékeré inú búùtù, ti ojú títì nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Jáàkì onítáyà tó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú jack stand mẹ́rin, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tí ọkọ̀ máa jókòó lé. Etí irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń gbé e, ìwé ọkọ̀ fi ojú ibẹ̀ gan-an hàn, ẹ fi rọ́bà tó ní kòtò láàárín sórí jáàkì kí etí yẹn má baà wó. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí jack stand, ẹ fi ìdí tì í, ẹ mì í jìgìjìgì. Tó bá máa ṣubú, kó ṣubú báyìí tẹ́ ẹ ṣì wà níta. Abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, mi ò lè wọ ibẹ̀ kódà kí ọgọ́rùn-ún dọ́là já bọ́ síbẹ̀.

Rímù ló ń yí ojú ọkọ̀ padà jù, òun náà ló sì rọrùn jù, àmọ́ ẹ mọ ìwọ̀n yín. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni, 5x114.3 (òbírí tí nọ́ọ̀tì wà lórí ẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 114.3), ihò àárín jẹ́ 70.5 mílímítà. Tí ihò àárín rímù tuntun bá tóbi ju ìyẹn, ẹ ra òrùka tó ń dí àlàfo ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sìtíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín lórí eré. Èyí tó bá ní Performance Pack (àfikún bírékì àti rímù tó tóbi láti kọ́ńpìnnì) bíi tèmi, ínǹṣì 19 ni rímù ẹ̀, ó fẹ̀ ní 9 níwájú, 9.5 lẹ́yìn, táyà 255/40 àti 275/40, àwo bírékì Brembo iwájú ẹ̀ sì fẹ̀ tó ínǹṣì 15, ọ̀pọ̀ rímù 18 ni kò ní lè bò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan ra rímù 18 dúdú kan tó rẹwà gan-an, ó ti fi táyà sí i kó tó mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà 21 ni. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ìka ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí gbogbo ẹ̀ wọlé ná, èyí tó bá ń le látìbẹ̀rẹ̀, ẹ tú u jáde kẹ́ ẹ tún un kì, ẹ má fipá mú un. Ẹ dì í bí ìràwọ̀, ẹ di ọ̀kan, ẹ fo èyí tó tẹ̀ lé e. Èmi tẹ́lẹ̀, bíi ti fọkanáísà wa nílé, mo máa ń gun orí wíìlì sípánà ni, mo máa ń fò lé e. Bàbá òyìnbó tó ń gbé òdìkejì wò mí títí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn wọlé lọ gbé torque wrench tiẹ̀ (sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó) wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. 150 pound-feet ni ti Mustang yìí, tó bá ti dé ibẹ̀ sípánà yẹn á ní "káà", ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn máìlì 100, ẹ tún fi wò ó.

Sàlẹ́ńsà ni gbogbo èèyàn ń bi mí. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pè é ní axle-back. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wò ó bóyá kílámpù ló so ó mọ́ páìpù tàbí ẹ máa fi ayùn gé e. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fín òróró tó ń tú ìpẹtà sórí bóòtù ẹ̀. Láàárọ̀ tí ọkọ̀ ti tutù dáadáa (páìpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde dé máa ń sun èèyàn bí irin àyọ́), ẹ fi omi ọṣẹ pa àwọn rọ́bà tó gbé sàlẹ́ńsà rọ̀, á yọ́ jáde wẹ́rẹ́, ẹni tí kò bá fi ọṣẹ sí i máa fà á títí, á sì bú ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ wá ẹnì kan tó máa bá yín gbé e. Tẹ́ ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ má tíì di kílámpù le, ẹ jáde sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ẹnu méjèèjì bóyá wọ́n wà ní ọgbọọgba, bóyá àlàfo wà láàárín ẹnu ẹ̀ àti báńpà, torí rọ́bà báńpà máa yọ́ tó bá kàn án. Ìgbà yẹn lẹ tó dì í. Ẹ tàn án, ẹ tẹ́tí sí ojú ìsopọ̀, tó bá ń ṣe tík-tík-tík, ó ń jò. Ẹ tún un dì lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì ti tutù.

Rẹ́sónétọ̀ tó wà láàárín páìpù, tó ń pa ohùn tó ń kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gé e dànù torí ariwo, tí wọ́n bá wá dé máròsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohùn kan á wá máa kùn nínú ọkọ̀ bí ẹni pé ẹ jókòó ti jẹnẹrétọ̀ láti Houston dé Dallas. Catalytic converter tó ń fọ èéfín mọ́ ní tiẹ̀, ẹ má tilẹ̀ dábàá ẹ̀. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Clean Air Act, kò gbà kẹ́ ẹ yọ ọ́. Lóòótọ́ Texas ti fagi lé àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún fún ọkọ̀ ara ẹni láti January 2025, àmọ́ àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní Harris àti Fort Bend tí àwa ń gbé yìí. Ẹ̀yin California, intake àti tune yín gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà EO, ìyẹn ìwé àṣẹ ti CARB, àjọ tó ń mójú tó afẹ́fẹ́ ní California, ẹ wá a lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ti síríǹgì láti fi rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ti ẹ̀yìn ṣeé ṣe nílé fún ẹni tó ní sùúrù torí síríǹgì wà lọ́tọ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́tọ̀. Ti iwájú, ṣọ́ọ̀kì ló wà láàárín ẹ̀, ẹ ní láti fún síríǹgì pọ̀ kẹ́ ẹ tó lè tú u, tó bá sì fò yọ, ó lè pa èèyàn. Èmi gbé tèmi lọ fún àwọn tó níṣẹ́, ojú ò tì mí. Ẹ ṣe alignment (kí wọ́n tún táyà tò kó dúró gún) lẹ́yìn ẹ̀. Àbúrò mi ní Lagos tó ń bi mí lórí WhatsApp bóyá kóun rẹ tòun sílẹ̀, mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi bọ́ǹpù tó wà lẹ́nu géètì àdúgbò wọn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìlà funfun méjì tó gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá dé búùtù. Sítíkà ni, kì í ṣe ọ̀dà, tó bá sú yín ẹ lè ká a kúrò. Ẹ fọ ọkọ̀, ẹ fi isopropyl alcohol nu gbogbo ibi tó máa gbà, ọ̀rá díẹ̀ báyìí, sítíkà ò ní lẹ̀. Ẹ má ṣe é nínú oòrùn. Ní August níbí irin ọkọ̀ máa ń gbóná débi pé sítíkà á ti gbá a mú kẹ́ ẹ tó tò ó, aago mẹ́fà ìdájí ni mo ṣe tèmi, mo sì ṣílẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ ó máa rí i tí wọ́n ń fi màgínẹ́ẹ̀tì di sítíkà mú kó má yẹ̀. Mo ra mẹ́jọ. Mo gbé àkọ́kọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ̀ lọ sílẹ̀, mo tún gbé e, ó tún yọ̀ lọ, mo rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Alumíníọ̀mù ni bọ́nẹ́ẹ̀tì Mustang yìí, màgínẹ́ẹ̀tì ò lè lẹ̀ mọ́ ọn láéláé. Téèpù àwọn akunlé ni kẹ́ ẹ lò.

Sítíkà tí kò bá ní ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ẹ fín omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí sórí ọkọ̀ kó lè máa yọ̀ títí ẹ ó fi tò ó tọ́. Ẹ ká bébà ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi pátákó rọ́bà fún un láti àárín lọ sí etí. Èyí tó bá wú bíi róró, ẹ gún un ní abẹ́rẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi bíléèdì gé e lórí ọ̀dà, okùn tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ sítíkà, tẹ́ ẹ bá fà á, òun fúnra ẹ̀ á gé e. Ó di ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́.

Ìgbà tí mo parí, mo pe Ìyá Tómi jáde wá wò ó. Ó dúró níwájú ọkọ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ọ̀tún sún mọ́ etí ju òsì lọ." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé rúlà. Mílímítà mẹ́fà. Àmì ẹṣin tó wà lójú ọkọ̀ ni mo fi ṣe àárín nígbà tí mò ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin ẹ fi etí bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì wọ̀n tiyín.