Mímọ̀ ilẹ̀ àti omi Èkó: ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé

Ìlú Èkó, tí ó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà títí di ọdún 1991, wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ láàárín òkun àti ọ̀sà, ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ kò sì fi ju mítà díẹ̀ lọ ga ju òkun. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ máa wo ojú ọ̀run nìkan kí ẹ tó mọ̀ pé omi ń bọ̀.

Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù, ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á sì tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń lé àwọn ará Ìṣẹ̀rì, Májídùn àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú kúrò nílé kì í sábà jẹ́ òjò tiwọn. Odò Ògùn ni ó ń gbé e wá láti òkè, pàápàá nígbà tí dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, bá kún tí wọ́n sì tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fojú di ìkéde ìtúsílẹ̀ omi yìí, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Ẹ kórè ohun tí ó wà létí odò kí oṣù Kẹsàn-án tó parí.

Nígbà tí omi òkun bá ń kún, ọ̀sà náà á ga, òjò tí ó bá rọ̀ ní wákàtí yẹn kì í sì í rí ọ̀nà jáde. Ẹ lọ wo ibi tí gọ́tà yín ti já sí kànáà ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Bí ẹ bá rí ewé àti ọ̀rá tí ń léfòó padà sọ́nà ilé, kíkó ìdọ̀tí gọ́tà nìkan kò tó. Ẹ gbé irúgbìn, oúnjẹ àti ìwé pàtàkì kúrò nílẹ̀.

Iyanrìn ni ilẹ̀ etíkun, ajílẹ̀ kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ máa fi ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà sí ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga nígbà òjò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rì sílẹ̀ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó lè gba omi dúró. Bí omi kànga etíkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀ lẹ́nu ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ó ṣeé ṣe kí omi òkun ti máa wọ̀ ọ́. Ẹ dín fífà rẹ̀ kù, ẹ má sì fi wọ́n ẹ̀fọ́, nítorí etí ewé á gbẹ bí èyí tí iná jó.